Nọ́ọ̀sì Tuntun, Jẹ́ Kí Ìwé Àtijọ́ Sùn

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàrin àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ní Amẹ́ríkà, ní Houston, ní Maryland, ní Chicago. Ọmọ á kọ́kọ́ ṣe olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, èyí tí wọ́n ń pè ní CNA lọ́hùn-ún. Owó rẹ̀ ni yóò fi san owó ilé-ẹ̀kọ́. Á ṣiṣẹ́ lóru, á kàwé lọ́sàn-án, á yege nínú ìdánwò NCLEX, á di nọ́ọ̀sì gidi. Kó tó jó ijó ayọ̀ tán, àwọn àgbà á ti pè é sí kọ̀rọ̀: "Ọmọ mi, má jẹ́ kí ìwé CNA rẹ yẹn kú o. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹlẹ̀ tútù."

Ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà kò dáa. Bí láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sì ti bẹ̀rẹ̀, jẹ́ kí ìwé CNA sùn. Má sọ ọ́ di ọ̀tun mọ́, má sì fi ṣiṣẹ́ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ o. Rárá! Àwọn ni wọ́n ń wẹ arúgbó, tí wọ́n ń bọ́ ọ, tí wọ́n ń yí ẹni tó dùbúlẹ̀ padà kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní 1987 sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí 75 ó kéré tán, kí wọ́n yege nínú ìdánwò, kí orúkọ wọn sì wọ ìwé tí ìpínlẹ̀ ń tọ́jú. Ní Texas, wákàtí 100 ni. Iṣẹ́ tó níyì ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ènìyàn kan kò lè jẹ́ méjèèjì níwájú aláìsàn kan náà.

Ẹ wo òfin yẹn fúnra rẹ̀. Níbi tó ti ṣàlàyé ẹni tó ń jẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó yọ ẹni tó bá ti gba láísẹ́ǹsì iṣẹ́ ìlera sẹ́yìn. Òfin ti yà yín sọ́tọ̀. Kí ló dé tí ìwọ wá ń fi ọwọ́ ara rẹ so ara rẹ padà mọ́ ohun tí òfin ti tú ọ sílẹ̀ nínú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wò ó. Aago méjì òru ni, nílé àwọn arúgbó. Nọ́ọ̀sì tuntun wa wà níbẹ̀, aṣọ CNA ló wọ̀, owó CNA ni yóò gbà. Màmá kan ń mí hẹlẹhẹlẹ, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Ó sáré lọ sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó wọn lóru yẹn. Ó ti rẹ ìyẹn, ó ní, "Fi í sílẹ̀ dilẹ̀ mọ́." Olùrànlọ́wọ́ tó bá ti sọ ohun tó rí, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ti ṣe púpọ̀ nínú ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ bèèrè. Ìwọ ńkọ́? O mọ ohun tí ètè dúdú túmọ̀ sí. O kà á ní ilé-ẹ̀kọ́, o sì dáhùn rẹ̀ nínú ìdánwò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá wá dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn nọ́ọ̀sì, ṣé wàá ní o kò mọ̀ ni?

Ní Texas, ojú tí ìgbìmọ̀ náà fi ń wò ó ni pé nọ́ọ̀sì tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ṣì wà lábẹ́ òfin nọ́ọ̀sì, orúkọ yòówù kí wọ́n pe iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìmọ̀ kì í ṣe aṣọ tí èèyàn ń bọ́ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé iṣẹ́.

Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyí. Bí o bá ṣe bíi nọ́ọ̀sì, ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ á ní o kọjá àyè rẹ. Bí o bá ṣe bíi CNA, ìgbìmọ̀ á ní o pa ohun tó o mọ̀ mọ́ra. Ewu nọ́ọ̀sì, owó CNA! Ta ló ń jèrè? Onílé ìtọ́jú ni. Ó rí nọ́ọ̀sì lówó pọ́ọ́kú.

Àwọn kan á ní, "Àfikún owó là ń wá." Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ó. Ní 2024, owó tí nọ́ọ̀sì tó wà láàárín gbùngbùn ń gbà lọ́dún ní Amẹ́ríkà lé ní 90,000 dọ́là. Ti olùrànlọ́wọ́ kò pé 40,000. Bí o bá fẹ́ fi òru kan kún iṣẹ́ rẹ, kí ló dé tí o kò fi tà á ní iye tó jẹ? Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan náà ń wá nọ́ọ̀sì tí yóò wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ sọ fún wọn pé ipò rẹ ti yí padà. Bí ọsibítù rẹ bá sì ní kí o ran àwọn olùrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí èèyàn kò tó, láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì rẹ lo fi ń ṣe é. Kò sẹ́ni tí yóò bi ọ́ léèrè ìwé CNA.

Àwa tá a wà nílé náà ní tiwa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àná lọmọ di nọ́ọ̀sì, lónìí a ti fi owó òrùlé, owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò àti ti ìnáwó ìsìnkú ránṣẹ́ sí i. Ọmọ tí ẹrù báyìí wà lórí rẹ̀ kò ní í ronú kó tó padà síbi tó ti mọ̀. Ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ rinlẹ̀ ná.

Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́. Ẹ̀rù ń bẹ níbẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ nọ́ọ̀sì le. Níbi iṣẹ́ àtijọ́, gbogbo wọn mọ̀ ọ́, kò sì sẹ́ni tó ń retí pé kí o pinnu ohunkóhun. Ó tura. Àmọ́ ẹni tó ń sá padà síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìgbà wo ni yóò kọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe ń pinnu?

Ibì kan wà tí àwọn àgbà ti jàre. Bí o bá ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́, tàbí tí o ń retí ìdánwò, má fi ìwé CNA ṣeré. Ẹni tí kò bá yege nínú NCLEX gbọ́dọ̀ dúró fún ọjọ́ 45 ó kéré tán kó tó tún un ṣe, ẹni tó ń dúró sì gbọ́dọ̀ jẹun. Òfin sì ní ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú tó ń gbowó lé lórí fún oṣù 24 léraléra, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Afárá ni ìwé yẹn nígbà náà, kò sẹ́ni tó ń fọ́ afárá tó ṣì wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti dé òdìkejì, tó kọ̀ tí kò kúrò lẹ́sẹ̀ afárá, kí ló ń wá?

Wọ́n tún ní ìwé kì í jẹun, kò sóhun tó ń ná ọ láti tọ́jú rẹ̀. Ẹ gbọ́ o: ohun tó bá wà nítòsí lọwọ́ ń nà mú lọ́jọ́ ìṣòro. Lọ́jọ́ tí owó ilé bá dì ọ́ lọ́rùn, ìwé yẹn lo máa mú jáde, kì í ṣe pé wàá jókòó wá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mìíràn.

Nọ́ọ̀sì tuntun, ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ àtijọ́ kọ́ ọ ni kí o gbé dání: sùúrù, ọwọ́ tó rọ̀, ọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń wẹ aláìsàn. Bí olùrànlọ́wọ́ bá sáré wá bá ọ láago méjì òru pé màmá kan kò mí dáadáa, má sọ pé ó di ilẹ̀ mọ́. Dìde. Ìwọ ni nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀.