Oúnjẹ Ajá Lásìkò Ọ̀wọ́n: Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ajá rí tó fi ń gbó kò tó èyí tí àgùntàn fi ń ṣèran wò. Lóde òní, kì í ṣe olè nìkan ni ajá ń rí tó fi ń gbó. Ọ̀pọ̀ ajá ló jẹ́ pé ebi ló ń gbó jáde lẹ́nu wọn. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti kéde ìyọkúrò owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí wọ́n sì tú náírà sílẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀lé e pé kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, ni ọ̀wọ́n gógó ti bá oúnjẹ. Nígbà tí oṣù Kẹfà ọdún 2024 fi máa parí, ìṣirò ìjọba fi hàn pé owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù Kẹfà ọdún 2023 lọ. Ìgasókè náà dẹwọ́ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń ta kóńgò ìrẹsì kò padà sí ipò àtijọ́. Nínú ilé tí ọmọ kò ti jẹun yó, ta ni yóò rántí ajá?

Ìbéèrè yìí ti pín àwọn olówó ajá sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan gbà pé oúnjẹ inú àpò tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ ni oúnjẹ gidi. Nígbà tí apá wọn kò ká a mọ́, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ajá pé kí ó máa lọ. Àwọn kejì gbà pé ajá kì í ṣe ẹni tí à ń wá oúnjẹ fún. Ààtàn wà, akítàn wà, kí ó lọ jẹ níbẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì kò bá àṣà Yorùbá mu, wọn kò sì bá ìmọ̀ ìlera mu.

Ẹni tó ní orúkọ ní ìpín

Ní ilé Yorùbá, ajá kì í ṣe ẹgbẹ́ ewúrẹ́ àti adìẹ. A máa ń sọ ajá lórúkọ, orúkọ náà sì lè jẹ́ òwe tí olówó rẹ̀ fi ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, bí irú Tanímọ̀la. Ẹni tó bá ní orúkọ nínú ilé yẹ kí ó ní ìpín nínú ìkòkò. Àwọn ọdẹ, ọmọ Ògún, ni wọ́n mọ èyí jù. Ọdẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gba ẹran lẹ́nu ajá tán kí ó má fi nǹkan sí i lẹ́nu, nítorí ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ajá náà ni òun yóò tún gbẹ́kẹ̀ lé lọ́la. Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bẹ́ẹ̀, bí a bá wádìí rẹ̀ dáadáa, nígbà mìíràn ebi ló di í létí.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ìṣe àtijọ́ ló yẹ kí a gbé dání. Ìyá ọlọ́mọ a máa ké sí ajá nígbà kan rí pé kí ó wá pa ìgbẹ́ ọmọ rẹ́. Ọ̀nà àtikó aràn ni èyí jẹ́ láàárín ọmọ àti ajá, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ka irú rẹ̀ kún oúnjẹ.

Ohun tí ikùn ajá lè gbà

Àwọn kan a máa sọ pé ẹran nìkan ni ajá ń jẹ. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Uppsala ní orílẹ̀-èdè Sweden fi hàn pé ara ajá ti yàtọ̀ sí ti ìkookò ní ọ̀nà yìí: ó ti ní agbára láti lo oúnjẹ bí ọkà àti iṣu, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń bá ọmọ ènìyàn gbé. Nítorí náà, àgbàdo, ìrẹsì, ẹ̀kọ àti ọ̀dùnkún kò burú fún un, bí wọ́n bá ti jiná. Ṣùgbọ́n bí ajá bá ń jẹ ẹ̀kọ lásán láti àárọ̀ dalẹ́, ikùn rẹ̀ yóò kún, ara rẹ̀ yóò sì máa rù.

Ibi tí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ti lè rí ẹran fún ajá ni ìsọ̀ alápatà, ní apá ibi tí àwọn aláṣejẹ kì í wò. Fùkù, ìfun tí a fọ̀ mọ́, orí ẹja àti ẹsẹ̀ adìẹ kì í wọ́n tó ẹran itan. Kí a sè wọ́n jiná, kí a yọ eegun wọn, kí a sì pò wọ́n mọ́ ìrẹsì tàbí àgbàdo pẹ̀lú ẹ̀fọ́ díẹ̀. Ẹ̀dọ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má kọjá ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá oúnjẹ náà, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ a máa ṣe eegun ajá ní jàǹbá. Ẹran àti ọkà kò ní èròjà tí ń mú eegun le tó bó ti yẹ, àìsí rẹ̀ ló sì ń mú ẹsẹ̀ ọmọ ajá wọ́. Èèpo ẹyin tí a dà nù lè dí àlàfo yìí: kí a sè é, kí a sá a gbẹ, kí a lọ̀ ọ́ kúnná, kí a sì fi ìdajì ṣíbí kékeré sínú nǹkan bí ìdajì kílò oúnjẹ.

Ajá ìbílẹ̀ tó wọn nǹkan bíi kílò 15 yóò jẹ bí ìdajì kílò oúnjẹ sísè lóòjọ́ tàbí kó lé díẹ̀, tí a pín sí àárọ̀ àti alẹ́. Ọwọ́ ni òṣùwọ̀n tó dájú jù: bí a bá fọwọ́ pa ìhà rẹ̀, ó yẹ kí a mọ eegun ìhà náà lára, ṣùgbọ́n kí a má rí i kó yọ síta.

Fún ẹni tó ṣì ń ra oúnjẹ inú àpò, ìṣirò ọjọ́ ló yẹ kó ṣe, kì í ṣe ìṣirò àpò. Bí ajá bá ń jẹ gíráàmù 250 lóòjọ́, àpò kílò 15 yóò tó o fún ọgọ́ta ọjọ́. Bí ó bá jẹ́ pé gíráàmù 375 ni ó gbọ́dọ̀ jẹ nínú oúnjẹ mìíràn kí ó tó yó, ogójì ọjọ́ péré ni àpò ìyẹn. Bí owó àpò kejì bá ju ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta owó ti àkọ́kọ́ lọ, a jẹ́ pé èyí tí a pè ní ọ̀pọ̀ ló wọ́n jù.

Ọbẹ̀ olóńjẹ, májèlé ajá

Àjẹkù ni ọ̀pọ̀ ilé ń fún ajá, èyí kò sì burú nípilẹ̀. Ewu wà nínú ohun tí a fi se ọbẹ̀. Àlùbọ́sà, ìbáà jẹ́ tútù tàbí sísè, a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Iyọ̀ àti ata kò sì ṣe é lóore. Ohun tí ìyàwó ilé lè ṣe kò ná an ní kọ́bọ̀: kí ó bu ìpín ajá sílẹ̀ nígbà tí ẹran bá jiná, kí àlùbọ́sà àti ata tó wọ ìkòkò.

Eegun adìẹ tó ti jiná a máa fọ́ ṣóńṣó-ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Kòkó àti èèpo rẹ̀ jẹ́ májèlé fún ajá, kí àgbẹ̀ olóko kòkó ṣọ́ra. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèpo gbágùúdá tútù. Àgbàdo tó ti bu, tí nǹkan aláwọ̀ ewé ti hù sí lára, ni àwọn kan ń rà fún ajá nítorí pé ó rọjú. Irú májèlé tí ń bẹ nínú àgbàdo bẹ́ẹ̀ ló wọ oúnjẹ ajá kan ní Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 2005, tó sì pa ọ̀pọ̀ ajá. Owó tí a fi pamọ́ níbẹ̀ kò tó owó oníṣègùn ẹran.

Ebi ajá, ọ̀ràn àdúgbò

Kí ló kan aládùúgbò nínú oúnjẹ ajá ẹlòmíràn? Ó kàn án gidigidi. Ajá tí kò rí jẹ nílé yóò rìn, yóò bá ajá ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jà lórí ààtàn, ibẹ̀ ni èyí tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára sì ti ń kó dìgbòlugi wálé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí dìgbòlugi ń pa, nǹkan bíi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló kó o lára ajá. Nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ẹranko tí a fura sí bù jẹ ni kò sì tíì pé ọmọ ọdún 15. Àfojúsùn ayé ni pé kí ikú yìí tán láti ọwọ́ ajá nígbà tó bá di ọdún 2030. Ẹni tí ajá bá bù jẹ kò gbọdọ̀ dúró de àmì àìsàn, nítorí bí ó bá ti hàn, agbára káká ni ènìyàn fi ń yè é: kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́.

Ìdí nìyí tí ìwọ̀n eku fi ní láti jẹ́ ìwọ̀n ìtẹ́. Nítorí ìbẹ̀rù olè, ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó àti Ìbàdàn ló ń sin ajá ilẹ̀ òkèèrè bíi Rottweiler àti Boerboel. Ajá tó wọn kílò 45 yóò jẹ ju ìlọ́po méjì ohun tí ajá ìbílẹ̀ kílò 15 ń jẹ lọ. Ajá ìbílẹ̀ kan tó yó, tó gba abẹ́rẹ́, tó sì mọ ilé, sàn fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré ju aràbà ajá méjì tí ìhà wọn ṣeé kà lọ. Bí ọwọ́ bá sì ti kúrú pátápátá, kí a fa ajá lé ẹni tó lè bọ́ ọ lọ́wọ́. Kí a má tì í síta fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Wọ́n ní bí ajá bá lẹ́ni lẹ́yìn, á pa ọ̀bọ. Kò sí ibòmíràn tí a ti ń kọ́kọ́ mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ajá ju ìdí àwo rẹ̀ lọ.