Ọmọ Kò Lè Dúró De Ìwé



Ọmọ tí kò lè rìn ní àkókò rẹ̀ ń dúró de olùtọ́jú. Oṣù ń kọjá, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè máa le sí i. Àìtó òṣìṣẹ́ nìkan kọ́ ni ó ń fà á. Bí ọmọ 5 bá ń wọlé lọ́sẹ̀, tí a sì ń tọ́jú 5, ṣùgbọ́n tí 40 ti wà nínú ìwé ṣáájú, olúkúlùkù ọmọ tuntun yóò dúró ní ọ̀sẹ̀ 8, títí láé. (Ẹ̀yin akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú.)

Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Katherine Harding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ọ̀nà mìíràn wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Wọ́n parí iṣẹ́ tí ó ti jọ nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ ṣáájú fún iye ẹni tuntun tí ń wọlé lọ́sẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, ìdajì àwọn aláìsàn a máa dúró ju ọjọ́ 42 lọ. Ó wá di ọjọ́ 24. Kì í ṣe nítorí àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣe gbé ètò náà kalẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ìdádúró ń pa lára tó ọmọdé?

Bí wọ́n bá wí fún yín pé, “A ó ránṣẹ́ pè yín,” ẹ fi sùúrù bèèrè ọjọ́, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú yín.