Líle, Gígan àti Yíyi: Ẹjọ́ Férémù Alumíníọ̀mù

Ọ̀rọ̀-ìṣe “le” ń ru ẹrù tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé sáyẹ́ǹsì tí a ń túmọ̀ sí Yorùbá. Ìtàn férémù kẹ̀kẹ́ ìdíje yóò fi ohun tí mo ń wí hàn.

Ní 1972 ni ilé-iṣẹ́ Alan bẹ̀rẹ̀ ní Ítálì. Ní 1979 ni Vitus 979 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Alumíníọ̀mù ni àwọn méjèèjì fi ṣe férémù, ọ̀pá wọn kò sì tóbi ju ti irin lọ. Wọ́n fúyẹ́. Sean Kelly, ọmọ Áyálándì, gun Vitus, ó sì fi gba ìdíje púpọ̀. Síbẹ̀ àwọn agunkẹ̀kẹ́ ń kùn pé ó ń tẹ̀ bí ènìyàn bá fi agbára tẹ pẹ́dàlì: alumíníọ̀mù rọ̀ jù, wọ́n ní. Ní Amẹ́ríkà, Gary Klein, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní MIT, lo ọ̀pá tí ó tóbi, tí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́. Cannondale ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1983. Ni ẹjọ́ bá yí padà: alumíníọ̀mù le jù, ó ń gbọn egungun ẹni. Mẹ́táàlì kan náà!

Bí ọ̀pá méjì bá rí bákan náà, ti alumíníọ̀mù yóò tẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti irin. Ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ìbú ọ̀pá di ìlọ́po méjì, tí ògiri rẹ̀ kò nípọn sí i, ìwúwo yóò di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ láti má tẹ̀ yóò sì di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ. Ìrísí ọ̀pá ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́, wọ́n sì ń dárúkọ mẹ́táàlì.

Bí a bá fi “le” nìkan kọ èyí, akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò ṣi ọ̀nà bákan náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni èdè wa ti yà wọ́n sọ́tọ̀ tipẹ́: èkùrọ́ le, aṣọ tí a fi sítáàṣì sí gan, ẹran ògbólógbòó màlúù yi. Kí “líle” wà fún ohun tí a kò lè tètè ha lára, “gígan” fún èyí tí kì í tẹ̀, “yíyi” fún èyí tí kì í tètè sán. Àwọn kan lè wí pé òkú ni ó ń gan. Aṣọ kì í kú.

Ó ku ìyàtọ̀ kan tí ọjà kò ṣe fún wa, tí a ní láti fi ọwọ́ ara wa ṣe: gígan-èròjà, tí í ṣe ti mẹ́táàlì fúnra rẹ̀, àti gígan-ìrísí, tí í ṣe ti ọ̀pá tí a fi ṣe. Alumíníọ̀mù Vitus àti ti Cannondale fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn dọ́gba nínú ti àkọ́kọ́. Nínú ti èkejì ni wọ́n ti jìnnà síra.