Ẹ Jẹ́ Ká Máa Rán Aṣọ Ilé Ọkọ Wa Fúnra Wa

Ọ̀rọ̀ aṣọ la mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ tí à ń tà. Aṣọ tí ọkọ wa ń wọ̀ nínú ilé ni.

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Bí èèyàn bá wọ ilé ọ̀pọ̀ nínú wa nírọ̀lẹ́, kí ló máa bá lọ́rùn bàbá ọmọ? Síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti lu jára, àti ṣòkòtò tí okùn rẹ̀ ti já. Bẹ́ẹ̀ ankara kún ṣọ́ọ̀bù wa dé òkè àjà. Àgékù yáàdì méjì, yáàdì mẹ́ta, wà lábẹ́ káńtà tí eku ń fi tẹ́ ìtẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń gbé etí odò kì í fi itọ́ bọ́jú. Kí ló dé tí àwa aláṣọ ń fi àkísà bora fún ọkọ wa?

Ọ̀pọ̀ máa ní owó télọ̀ ni. Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, kí ni kò gbówó lórí? Òwú gbówó lórí, bọ́tìnnì gbówó lórí, epo tí télọ̀ ń rọ sí jẹnẹrétọ̀ náà gbówó lórí. A ò lè bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n bí owó iṣẹ́ bùbá ilé bá ti fẹ́ tó owó aṣọ fúnra rẹ̀, bàbá á ní ká fi sílẹ̀, ká fi owó yẹn ra ìrẹsì. Bí àkísà ṣe ń di aṣọ ilé nìyẹn.

Èrò tiwa ni pé ká gba aṣọ ilé yìí rán fúnra wa. A ò sọ pé agbádá o. Agbádá tó ní iṣẹ́ ọnà lọ́rùn, kóòtù, aṣọ òde ńlá, ti télọ̀ ni, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ bùbá, dànṣíkí àti ṣòkòtò olókùn kò ní kọ́là, kò ní síìpù. Ẹni tó bá lè gé aṣọ láì wọ́, tó lè rán an kó gún, á rí i ṣe.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Kọ́tìnnì ni kí ẹ lò, torí ooru. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a, kí ẹ lọ̀ ọ́, kó má baà sún kì lẹ́yìn tí ẹ bá rán an tán. Ẹ wá bùbá àtijọ́ kan tó bá bàbá lára mu, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ tuntun, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí etí rẹ̀ ká, kí ẹ fi ínṣì kan kún un fún ojú ìrán. Ẹ má gé ọrùn fẹ̀ o! Ọrùn tó kéré ṣeé gé sí i, èyí tó ti fẹ̀ jù kò ní àtúnṣe. Fún ọkùnrin tí kò sanra jù, yáàdì mẹ́rin ankara á ṣe bùbá àti ṣòkòtò. Nínú yáàdì mẹ́fà tí à ń tà, méjì tó kù á ṣe dànṣíkí alápá kúkúrú.

Ọ̀kan nínú wa ló fi èyí kọ́gbọ́n. Ṣòkòtò àkọ́kọ́ tó rán, kò fún ìdí rẹ̀ láyè. Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti ṣe àlùwàlá, ìdí ṣòkòtò ya fààà! Ojú ti ìyàwó, àmọ́ ẹ̀rín ni bàbá ń rín. Ìkejì dára. Ẹ̀yìn ìdí ti ga ju iwájú lọ, bàbá sì lè jókòó, kó dìde.

Ọ̀rọ̀ yẹn ju ti ẹ̀rín lọ. Bàbá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì kò sì tètè jáde. Ó ti pa ìpàdé àdúgbò tì. Bí wọ́n bá wá pè é, á ní ó rẹ òun. Kò rẹ̀ ẹ́. Aṣọ tí yóò wọ̀ jókòó láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kò ní, kò sì lè la ẹnu sọ fún ìyàwó tó ń gbọ́ bùkátà. Ọjọ́ tó wọ bùbá ankara yẹn, kò dúró kí wọ́n wá pe òun. Ẹ̀yin ìyá, àwọn ọkùnrin wa mélòó ló rẹ̀ báyìí nílé?

A mọ̀ pé àwọn kan á ní, ‘Ṣé iṣẹ́ tó wà lọ́rùn wa kò tíì tó ni?’ Ó tó, ó tilẹ̀ pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí a kò fi sọ pé ká máa rán an lóru. Àárín ọ̀sán tí ọjà bá dá, tí a máa ń fi tòògbé tàbí sọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, ó tó. Maṣíìnì tí à ń fọwọ́ yí kò béèrè iná. Bàbá tó bá wà nílé náà lè kọ́ ọ, ṣebí ọkùnrin ló pọ̀ nínú télọ̀ tí à ń gbé aṣọ fún.

Àwọn kan á tún ní a fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu télọ̀. Rárá o. Aṣọ tí a kò gbé wá fún wọn láti ọdún yìí wá kò lè jẹ́ oúnjẹ wọn. Àbá wa ni pé kí ẹgbẹ́ san owó fún télọ̀ kan nínú ọjà wa, kó máa kọ́ wa fún wákàtí kan lẹ́yìn ìpàdé. Ẹni tí kò bá lágbára maṣíìnì, kí àwọn mẹ́rin, márùn-ún da àjọ, kí wọ́n jọ rà á, kí wọ́n jọ máa lò ó.

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ẹ wo abẹ́ káńtà yín lónìí, kí eku tó wò ó tán. Ọjà á tà, ilé á tòrò, ọkọ wa ò ní di ẹni ẹ̀yìn láàrin ẹgbẹ́ o. Àṣẹ.