OYÚN KỌ́, ỌYÚN NI!

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan wà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, tó ní abo ajá kan. Tẹni-ń-tẹni lorúkọ ajá náà. Òun ló ń ṣọ́ ilé tí màmá ń kó àpò èlùbọ́ sí, olè kankan ò jẹ́ yọjú síbẹ̀ lóru. Nígbà tí ikùn ajá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, inú màmá dùn, ó ti ń ka iye ọmọ ajá tóun máa tà.

Àfi bí Tẹni-ń-tẹni ṣe kọ oúnjẹ. Omi ló ń mu ṣáá, ó sì ń bì. Ó ti tó bí oṣù kan tó ti wá akọ kẹ́yìn. Ni ọmọ màmá bá pe ọkùnrin kan tó máa ń gún ajá àdúgbò lábẹ́rẹ́. Ọkùnrin yìí tẹ ikùn ajá, ó ní: "Ìyá, ọmọ ti kú sí i nínú. Ẹ jẹ́ n là á lẹ́yìnkùlé níbí. Owó mi ò wọ́n."

Lóòótọ́, owó tó pè kò tó ìdajì èyí tí ilé ìwòsàn aládàáni kan pè. Màmá ti ń tú owó létí ìró. Ọmọ rẹ̀ ló béèrè pé: "Bọ̀ọ̀dá, oògùn oorun wo lẹ máa fún un?" Ọkùnrin náà ní okùn lòun máa fi dè é. Háà! Màmá di owó rẹ̀ padà.

Ilé ìwòsàn ẹran tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n gbé ajá lọ. Dókítà obìnrin kan fi ẹ̀rọ wo ikùn rẹ̀, ó ní: "Màmá, oyún kọ́ o, ọyún ni. Ilé ọmọ rẹ̀ ló kún fún ọyún. Tá ò bá tètè yọ ọ́, ó lè kú." Ó kọ owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, oògùn oorun, iṣẹ́ abẹ àti oògùn tí wọ́n máa gbé lọ sílé sínú ìwé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpò èlùbọ́ méjì ni màmá tà ní pọ́ọ́kú kí owó tó pé. Ṣùgbọ́n ajá yè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n yọ òwú tí wọ́n fi rán an.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lájá, ẹ fetí sílẹ̀. Láti 1969 ni òfin àwọn dókítà ẹran ti wà ní Nàìjíríà. Veterinary Council of Nigeria ló ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fìwé àṣẹ han yín. Ojúlówó dókítà ò ní bínú. Ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ gún kọ́ ló mọ ikùn là.

Ẹ béèrè pé: ta ló máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà? Ta ló máa ṣọ́ èémí ajá nígbà tó bá ń sùn? Oògùn ìrora ńkọ́? Ṣé yíyọ òwú wà nínú owó yìí? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi owó ibi méjì wéra, àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó tí ò sí oògùn oorun nínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ́ nìyẹn, ikú ni. Ẹni tó wà l'Abẹ́òkúta lè ya ilé ìwòsàn ẹran ti FUNAAB wò. Ẹ má sì fún ajá lóògùn ara ríro tèèyàn o, ó lè pa á.

Bẹ́ ẹ ò bá fẹ́ kí ajá yín bímọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ nígbà tára rẹ̀ ṣì le. Iṣẹ́ abẹ ìgbà yẹn rọrùn ju ti ìgbà tí ọyún bá ti kún un lọ, owó rẹ̀ náà sì kéré sí i.

Ní ti ọkùnrin abẹ́rẹ́ yẹn, ó ṣì ń kiri àdúgbò tòun ti báàgì rẹ̀. Ẹni tírú rẹ̀ bá ti ṣe lọ́ṣẹ́ rí, kó kọ lẹ́tà wá, káwọn ẹlòmíì lè rí i kọ́gbọ́n.