Ẹ Tún Ṣaworoidẹ Wò Kí Ẹ Tó Pe Sójà

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́ sórí Twitter àti sítétọ́ọ̀sì WhatsApp pé "kí sójà kúkú wá gbà á," ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ yín. A jọ ń gbé Ọ̀ffà yìí ni, a jọ ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, a sì jọ ń ṣépè tí NEPA bá múná lọ. Nígbà tí sójà gbàjọba ní Niger lóṣù keje ọdún 2023, mo rí bí ẹ ṣe ń pàtẹ́wọ́. Ẹ ti pa á fún ti Mali ní 2020, ẹ tún pa á fún ti Burkina Faso ní 2022. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó bí ẹ ṣe ń gé fídíò kékeré láti inú Ṣaworoidẹ, tí ẹ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ yín. Ibi tí Lágata, ọ̀gá sójà, ti gba ìtẹ́ lọ́wọ́ Ọba Lápité ni ẹ máa ń gé, ẹ ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé irú èyí la fẹ́.

Ṣé ẹ wo fíìmù yẹn tán ni?

Wọn ò tíì bí ọ̀pọ̀ nínú yín nígbà tó jáde ní 1999, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Túndé Kèlání ló darí rẹ̀, iléeṣẹ́ Mainframe ló gbé e jáde. Abacha kú ní ọjọ́ 8, oṣù kẹfà, ọdún 1998. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 1999, sójà gbé ìjọba fún alágbádá. Nírú àkókò yẹn, ohun tó rọrùn jù lọ ni kí èèyàn wá òṣèré kan tó jọ Abacha, kó wọ díńgílásì dúdú fún un, kí gbogbo ayé máa fi í rẹ́rìn-ín.

Ohun tí Charlie Chaplin fi Hitler ṣe nínú The Great Dictator nìyẹn. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1939 ló bẹ̀rẹ̀ sí í yà á, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ ní Yúróòpù ni, owó ara rẹ̀ ló sì ná sí i. Ọkùnrin náà láyà, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe parí rẹ̀: onígbàjámọ̀ kan tó jọ apàṣẹwàá náà ni wọ́n ṣì mú, ó bọ́ sípò rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ rere fún aráyé. Ẹni burúkú kúrò, ẹni rere wọlé, ó parí. Àdúrà tí ẹ̀yin náà ń gbà nìyẹn, àbí? Pé kí sójà rere kan ṣáà bọ́ síbẹ̀.

Ìṣọ̀lá àti Kèlání ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlú kan tí kò sí lórí máàpù ni wọ́n dá sílẹ̀, wọ́n pè é ní Jogbo (ẹ ṣáà mọ bí jogbo ṣe ń korò), wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ látorí àdéhùn. Ọba tó bá fẹ́ jẹ ní Jogbo gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́, kó mulẹ̀ pẹ̀lú ìlú. Ẹni tí kò bá sín in, tó wá dé adé náà, tí ìlù ṣaworoidẹ sì dún létí rẹ̀, orí ló máa fọ́ ọ pa.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tèmi ṣàlàyé. Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ̀ pé kò yẹ kí password kan ṣoṣo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Ohun tí àwọn àgbà Jogbo ṣe gan-an nìyẹn. Adé wà lórí ọba, ìlù wà lọ́wọ́ onílù, gbẹ́rẹ́ wà lára. Kò sẹ́ni tó lè dá mú gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́. Lápité wá dé, ó ní òun ò sín gbẹ́rẹ́ kankan. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá mulẹ̀ ò ní lè kówó jọ. Ó fẹ́ di admin láìfọwọ́ sí ohunkóhun. Àwọn ìjòyè sì gbà fún un, torí wọ́n ti ń gbóòórùn owó. Ibẹ̀ ni Jogbo ti bàjẹ́, kí sójà kankan tó yọjú. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn agégẹdú wọlé, tí wọ́n ń ba igbó jẹ́, tí wọ́n ń fowó di ẹnu ààfin, títí àwọn ọ̀dọ́ fi gbé ìbọn.

Ta ló wá pe Lágata? Ààfin ni! Kó wá bá wọn kápá àwọn ọ̀dọ́ ìlú, irú ẹ̀yin gan-an. Ó dé, ó wo ìtẹ́, ìtẹ́ wù ú. Ṣé ó sín gbẹ́rẹ́? Kò sín in. Ẹ wá rántí ohun tí sójà máa ń kọ́kọ́ kéde lórí tẹlifíṣọ̀n tó bá gbàjọba: pé àwọn ti dá ìwé òfin ilẹ̀ dúró. Gbẹ́rẹ́ tó yẹ kó sín ló kọ̀ yẹn. Lápité tó gbébọn lọ́wọ́ ni ẹ ń pè, ẹ wá ń pè é ní ìtúsílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa fi Ògúndé dá mi lóhùn. Òótọ́ ni: ìjọba alágbádá Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Akíntọ́lá, ló fòfin de eré Yorùbá Ronú ní 1964, ìjọba sójà ló sì tú u sílẹ̀ ní 1966. Mo gbà. Àmọ́ sójà náà ló gbé Dìkíríì kẹrin jáde ní 1984, tí wọ́n fi ju Tunde Thompson àti Nduka Irabor sẹ́wọ̀n torí ìròyìn tí wọ́n kọ. Sójà ló so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn kọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1995. Ẹni tó bá ń fi sítétọ́ọ̀sì pe sójà, sítétọ́ọ̀sì yẹn náà ni wọ́n máa fi mú un.

Ohun tó pa Lágata kì í ṣe ìbọn. Wọ́n ń fi í jọba lọ́wọ́, adé wà lórí rẹ̀, ṣaworoidẹ bá dún. Ìlù yẹn ò bá má dún ká ní Àyàngalú onílù ò gbé e sá lọ, tó fi pa á mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ń wá. Ọ̀ffà tí a mọ̀ mọ́ ìjàkàdì nìyí, mi ò tíì gbọ́ ọ rí pé ẹnìkan háyà ẹlòmíì kó wá bá òun jà á.

Kódà nígbà tí Agogo Èèwọ̀ jáde ní 2002, tí Jogbo rí ọba tuntun, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì, àwọn ìjòyè ajẹgùdùjẹrá ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹun. Ìbúra ni ọba yẹn ní kí wọ́n wá ṣe níwájú ìlú, kò ránṣẹ́ pe Lágata mìíràn. Ó yẹ káwa náà máa bi káńsẹ́lọ̀ àti alága wa pé èló ló wọlé lóṣù yìí, ta ló kó o, kí ni wọ́n fi ṣe. Mo mọ̀ pé ìyẹn ò dùn ún pàtẹ́wọ́ fún.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ gé fídíò nínú Ṣaworoidẹ, kó gé ibi tí owó gẹdú ti ń wọ ààfin. Mi ò tíì rí ìyẹn lórí sítétọ́ọ̀sì ẹnì kankan nínú yín.