Iná Tuntun Nílé Ayàwòrán

Ẹ̀yin abiyamọ wa ọ̀wọ́n, bí ẹ bá gbé ọmọ lọ ya àwòrán ọjọ́ ìbí ní Abẹ́òkúta, ẹ lè bá ayàwòrán pàdé tí yóò máa fi iná fìlàṣì tuntun yangàn, tí yóò sì torí rẹ̀ bu owó lé iye tí ẹ ó san. Ṣé iná náà tó bẹ́ẹ̀?

Seydou Keïta ṣí ilé ìyàwòrán ní Bamako, ní ilẹ̀ Mali, ní ọdún 1948. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn inú àgbàlá ni ó fi ya púpọ̀ nínú àwòrán rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n pàtẹ wọn ní Paris ní ọdún 1994. Ó mọ ibi tí ó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ ti wá. Iná tí ó bá tàn láti iwájú gan-an a máa sọ ojú di pẹlẹbẹ, a sì máa kọ mànà lára àdìrẹ Ìtòkú tí a lù kí ó máa dán. Bí ó bá wá láti ẹ̀gbẹ́, tí aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì bò ó, ojú ọmọ a jọ̀lọ̀.

N kò wí pé iná tuntun kò wúlò o. Púpọ̀ nínú wọn ń lo bátìrì, wọn kò dúró de iná ìjọba. Wọ́n sì tètè ń ṣetán láti tún tàn, kí ẹ̀rín ọmọ má baà kọjá. (Ọmọ ọdún kan kì í sáábà rẹ́rìn-ín fún àjèjì lẹ́ẹ̀mejì!)

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ó fi àwòrán ọmọdé tí ó ti yà hàn yín. Ṣé awọ ara dúdú bí ó ti yẹ? Ṣé ẹyinjú hàn kedere? Bí ó bá jẹ́ iná nìkan ni ó ní láti fi hàn, ẹ pọn ọmọ yín, kí ẹ kọjá sí ilé kejì.